Kafé kékeré l'Ékòó àti n'Ìbàdàn: bẹ́ ẹ ṣe máa tọ́ kọfí wọn wò kí àga àti AC tó tàn yín jẹ

Ẹ jẹ́ n tètè sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù: kọfí lọ́tọ̀, ibi tí wọ́n ti ń tà á lọ́tọ̀. Tẹ́ ẹ bá wọ kafé tó rẹwà, tí AC ń fẹ́ sí yín lára, tí wọ́n fi òdòdó sára ògiri, tí orin jẹ́jẹ́ ń lọ, ahọ́n yín á ti fẹ́ gbà pé nǹkan tó wà nínú kọ́ọ̀pù yẹn dáa, kódà kó jóná. Àwọn ibì kan sì wà, ní Yábàá, ní Sùúrùlérè, ní Bódìjà, tí àga wọn ò bára mu, tí èèyàn méje bá ti jókòó ibẹ̀ ti kún, tí kọfí wọn sì dáa ju tàwọn ilé onígíláàsì ńláńlá lọ fíìfíì. Ohun tí mo fẹ́ kọ síbí ni bí mo ṣe ń ya méjèèjì sọ́tọ̀, kẹ́ ẹ lè mọ èyí tẹ́ ẹ sanwó fún, kẹ́ ẹ sì lè sọ òótọ́ nípa ẹ̀ fún ẹlòmíì láì ba iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹ́.

Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé

Àkókò tẹ́ ẹ lọ ń ṣe pàtàkì gan-an. Ẹ̀rọ espresso, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi agbára ti omi gbígbóná gba inú kọfí lílọ̀ kó lè jáde ní kékeré tó sì le, kò dà bíi kẹ́tù iná tó jẹ́ pé kẹ́ ẹ tàn án báyìí ó ti hó, irin inú ẹ̀ máa ń gbà tó ìdajì wákàtí kó tó gbóná dọ́gba, torí náà tí kafé bá ṣí laago mẹ́jọ tẹ́ ẹ sì wọlé laago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ife àkọ́kọ́ yẹn lè má jẹ́ èyí tó yẹ kẹ́ ẹ fi dá wọn lẹ́jọ́. Èmi fẹ́ràn aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá àárọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ̀rọ ti gbóná, àwọn tó ń gba kọfí lọ sí ọ́fíìsì ti lọ, ara àwọn òṣìṣẹ́ ṣì yá, ẹni tó ń po kọfí sì ráyè ṣe é bó ṣe yẹ. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé náà dáa tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bí ibẹ̀ ṣe ń rí nígbà tí èrò bá ya wọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi ìyẹn sí ìgbà kejì.

Ẹnu yín náà ńkọ́? Ẹ má jẹ àmàlà àti gbẹ̀gìrì aláta, ẹ má jẹ nǹkan aláta kankan ní wákàtí kan ṣáájú, torí ata rodo máa ń mú ahọ́n kú fúngbà díẹ̀, adùn tó rọra wà nínú kọfí ò sì ní jẹ yọ mọ́. Ṣingọ́ọ̀mù náà, ẹ tu ú dànù. Tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ eyín tán, ẹ mu omi dáadáa kẹ́ ẹ dúró díẹ̀. Pẹ̀fúùmù tó le jù náà kò dáa, torí imú ló ń ṣe ìdajì iṣẹ́ yìí, ẹ máa rí i nísàlẹ̀.

Látẹnu ọ̀nà, kẹ́ ẹ tó ra nǹkan kan

Imú lẹ máa fi wọlé. Kí lẹ gbọ́ tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn? Tó bá jẹ́ òórùn kọfí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, àmì tó dáa gan-an nìyẹn. Tó bá jẹ́ òórùn òróró tí wọ́n fi ń dín adìyẹ, tàbí fréṣínà tí wọ́n fọ́n sójú afẹ́fẹ́ títí tó fi ń ta èèyàn nímú, a jẹ́ pé ẹni tó ń ṣètò ibẹ̀ kò ro ti kọfí mọ́ ọn. Mi ò sọ pé kí wọ́n má ta oúnjẹ o, ní Nàìjíríà yìí kafé kékeré tó bá ní kọfí nìkan lòun á máa tà ò ní rówó ilé san, mo mọ̀, àmọ́ wọ́n lè jẹ́ kí ilé ìdáná wà lẹ́yìn, kí wọ́n sì fi fáànù tó ń fa èéfín síta síbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ wo orí káńtà. Ẹ wo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ kọfí, èyí tó ní ike tó ń dán lórí níbi tí kóró kọfí wà. Tí ike yẹn bá ti di aláwọ̀ pupa ṣíún torí òróró tó ti lẹ̀ mọ́ ọn lára láti ọjọ́ pípẹ́, òróró yẹn ti bàjẹ́, ó sì máa wọnú kọfí yín. Tí oòrùn bá ń ta sí i látojú wíńdò, kóró inú ẹ̀ ò ní pẹ́ ṣá. Tẹ́ ẹ bá wá gbọ́ pé ẹnì kan ra kọfí, tẹ́ ẹ ò gbọ́ ariwo ẹ̀rọ tó ń lọ̀ ọ́ rárá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àná ni wọ́n ti lọ̀ ọ́ sílẹ̀ tàbí pé kọfí páwúdà ni. Kọfí tí wọ́n bá ti lọ̀ kì í pẹ́ kí òórùn ẹ̀ tó fò lọ, ìdí tí wọ́n fi máa ń lọ̀ ọ́ nígbà tẹ́ni tó fẹ́ ẹ bá dúró síwájú wọn nìyẹn.

Nǹkan tí mo máa ń wò jù ni irin tín-ínrín tó máa ń fẹ́ ooru sínú mílíìkì. Tí mílíìkì ti gbẹ mọ́ ọn lára funfun báyìí, ẹ fura. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ẹ̀ á fi aṣọ tó tutù nù ún lẹ́yìn kọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan, á sì tún ṣí ooru yẹn díẹ̀ kí mílíìkì tó wọnú irin lè jáde, gbogbo ẹ̀ ò gba ìṣẹ́jú kan. Kẹ́ ẹ rí i tó ń ṣe é láìsí pé ẹnikẹ́ni ń wò ó, ẹ ti mọ irú ẹni tó wà lẹ́yìn káńtà yẹn. Kọ́ọ̀pù náà, ṣé wọ́n tò wọ́n sórí ẹ̀rọ kí wọ́n lè lọ́ wọ́ọ́rọ́? Kọ́ọ̀pù tó tutù máa ń pa espresso, torí kékeré ni espresso, ó máa ń tutù kíá.

Kí lẹ máa rà?

Ẹ ra dúdú kọ́kọ́. Espresso tẹ́ ẹ bá lè mu ún, Americano tẹ́ ẹ ò bá lè mu nǹkan tó le tóyẹn, torí Americano ò ju espresso tí wọ́n fi omi gbígbóná là lọ. Gbogbo àwọn nǹkan oníyìnyín tó ní káràmẹ́ẹ̀lì, tó ní kíríìmù lókè, tó rẹwà nínú fọ́tò, ẹ lè mu wọ́n nígbà míì, wọ́n dùn, àmọ́ ẹ ò lè fi wọ́n mọ̀ bóyá kọfí dáa, ṣúgà ti bo gbogbo ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ ẹni tí kì í mu kọfí láìsí mílíìkì, ẹ ra cappuccino kékeré, ìyẹn espresso tí wọ́n da mílíìkì tó hó lé lórí, torí mílíìkì inú ẹ̀ kò pọ̀ tó ti latte, kọfí ṣì máa yọ.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ espresso fún ìgbà díẹ̀ torí ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan ti bẹ̀rẹ̀. Òṣùwọ̀n tí ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi ń bẹ̀rẹ̀ ni kọfí lílọ̀ gíráàmù 18, tó máa fún yín ní nǹkan bíi gíráàmù 36 nínú kọ́ọ̀pù, láàárín sẹ́kọ́ńdì 25 sí 30, pẹ̀lú omi tó wà láàárín 90 sí 96 dígírì, àti agbára tí wọ́n fi ń ti omi náà gba inú kọfí tó tó bar 9. Ẹ ò nílò láti há a sórí. Ohun tẹ́ ẹ nílò ni pé tó bá yára ṣàn jù, sẹ́kọ́ńdì mẹ́wàá ó ti parí, tó sì dà bí omi lásán, á kan lẹ́nu, á sì fúyẹ́, torí omi ò ráyè yọ ohun tó dùn jáde. Tó bá ń kán tó-tó-tó, tí ìṣẹ́jú kan fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, á korò, á sì gbẹ yín lẹ́nu. Ẹ kàn lè ka á sínú látìgbà tí wọ́n bá ti tẹ bọ́tìnì, ẹnì kankan ò ní mọ̀. Àwọn kafé tó ń fi ìwọ̀n kékeré sábẹ́ kọ́ọ̀pù nígbà tí kọfí ń ṣàn, mo fẹ́ràn wọn gan-an, torí wọ́n fẹ́ kí ti ọ̀la rí bíi ti òní.

Tí wọn ò bá ní ẹ̀rọ espresso ńkọ́? Kò sí wàhálà. Àwọn kafé kékeré míì ń fi V60 ṣe é, kọ́ọ̀nù tí wọ́n máa ń fi pépà sí yẹn, àwọn míì ń fi French press, jọ́ọ̀gì tí wọ́n fi ń tẹ kọfí sísàlẹ̀, àwọn míì AeroPress, ike tí wọ́n fi ọwọ́ ti omi gba inú kọfí, kódà pọ́ọ̀tù Moka orí gáàsì tó ti wà láti 1933 lè ṣe kọfí tó máa dá yín lọ́lá. Fún V60, ẹ wò ó bóyá ó kọ́kọ́ da omi díẹ̀ sí i kó dúró bí ìdajì ìṣẹ́jú. Tí kọfí yẹn bá wú sókè tó ń hó, ó ṣì tuntun, afẹ́fẹ́ tó kù nínú ẹ̀ látìgbà tí wọ́n yan án ló ń jáde. Tó bá kàn rọ́ sílẹ̀ bíi pé kò gbọ́, ó ti pẹ́ nílé.

Bẹ́ ẹ ṣe máa tọ́ ọ wò

Ẹ má fi ṣúgà sí i kọ́kọ́, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ gbọ́ òórùn ẹ̀. Ẹ mu díẹ̀, ẹ jẹ́ kó kárí ahọ́n, ẹ gbé e mì, ẹ wá dúró. Ìdúró yẹn ló ṣòro fáwọn èèyàn, gbogbo wa la ti fẹ́ sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀, ó dáa ni o, kò dáa ni o, àmọ́ kọfí tó dáa, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá gbé e mì tán ló máa ń sọ̀rọ̀. Nílẹ̀ wa a kì í ṣe àlejò ìkorò, a jẹ obì àbàtà, a jẹ orógbó, a fọ ewúro a ò fọ gbogbo ẹ̀ tán, a mọ̀ pé ìkorò kan wà tó ń ti èèyàn dànù, òmíràn sì wà tó jẹ́ pé tí èèyàn bá mu omi lé e, adùn ló kù lẹ́nu. Ìkorò obì yẹn lẹ máa wá nínú kọfí. Tó bá jẹ́ pé ohun tó kù lẹ́nu yín ni eérú, tàbí igi tó jóná, tó wá lẹ̀ mọ́ ọ̀nà ọ̀fun tẹ́ ẹ fi ń wá omi kiri, wọ́n ti yan kọfí yẹn jù, tàbí omi tó gbà á kọjá ti pọ̀ jù.

Kíkan náà ní tiẹ̀. Àwọn èèyàn wa púpọ̀ tí wọ́n bá gbọ́ pé kọfí kan lẹ́nu wọ́n á ní ó ti bàjẹ́, kì í fi gbogbo ìgbà rí bẹ́ẹ̀. Kọfí Ethiopia tí wọ́n ò yan dúdú jù máa ń kan bí ọsàn tó pọ́n dáadáa ṣe ń kan, adùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ìyẹn dáa gan-an. Èyí tí kò dáa ni èyí tó kan nìkan láìsí adùn, tó ń mú kẹ́ ẹ di ojú.

Ẹ wá fi kọ́ọ̀pù sílẹ̀ o. Ẹ mu díẹ̀ nígbà tó gbóná, ẹ mu díẹ̀ nígbà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kẹ́ ẹ tún mu díẹ̀ nígbà tó ti fẹ́ tutù. Ìdánwò tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù nìyí nínú gbogbo ohun tí mo ń sọ yìí, torí ooru máa ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀, nígbà tó bá ń tutù ni òótọ́ ẹ̀ ń jáde. Kọfí tó dáa máa ń dùn sí i, ẹ máa rí nǹkan tẹ́ ẹ ò rí níbẹ̀rẹ̀, bóyá kòkó, bóyá ẹ̀pà yíyan, bóyá èso kan. Èyí tí ò dáa máa burú sí i débi tẹ́ ẹ ò ní fẹ́ parí ẹ̀.

Omi náà, ẹ má gbàgbé omi. Kọfí tí wọ́n fi pépà sẹ́, ó lé ní 98 nínú 100 ẹ̀ tó jẹ́ omi, torí náà tí omi bọ̀ò-hóòlù wọn bá ń rùn bí irin, tàbí omi ìjọba tó ní klórínì púpọ̀ ni wọ́n ń lò láì sẹ́ ẹ, kò sí ohun tí kọfí tó wọ́n jù láyé lè ṣe sí i. Ẹ ní kí wọ́n bá yín bu omi kan wá, ẹ tọ́ ọ wò. Tí omi yẹn bá dùn ún mu, ìdajì iṣẹ́ ti parí.

Mílíìkì ni ìṣòro ńlá wa níbí yìí. Mílíìkì tútù látara màlúù ṣọ̀wọ́n, èyí tó wà nínú páálí tí wọ́n ti fi ooru gíga ṣe kó lè pẹ́ ni ọ̀pọ̀ kafé ń lò, ó sì ṣeé lò dáadáa tẹ́ni tó ń ṣe é bá mọwọ́ ẹ̀. Mílíìkì agolo tó ki yẹn kì í hó bákan náà, adùn ẹ̀ sì máa ń bo kọfí. Ẹ fetí sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fẹ́ ooru sí i: ó yẹ kẹ́ ẹ gbọ́ ṣì-ṣì-ṣì díẹ̀, bí ẹni ń ya pépà, kó wá dákẹ́ jẹ́ẹ́. Tó bá ń ké fíìì látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò ní ní fóòmù tó dáa, á sì gbóná jù. Dígírì 60 sí 65 ló máa ń dùn jù, tó bá ti kọjá 70 adùn tó wà nínú mílíìkì fúnra ẹ̀ ti ń lọ, ó ti ń gbọ́ òórùn mílíìkì sísè. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló fẹ́ kí nǹkan gbóná janjan, tí kò bá jó ètè a máa ń dá a padà, àmọ́ ẹ gbìyànjú ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Fóòmù ẹ̀ yẹ kó dán, kó má ní ihò wẹẹrẹ. Tẹ́ ẹ bá wá rí i pé ó gbé mílíìkì tó ṣẹ́ kù nínú jọ́ọ̀gì tó tún mú un gbóná fún yín, ẹ rọra ní kó bá yín lo tuntun, ẹ̀tọ́ yín ni.

Ẹ bi wọ́n pé kọfí yìí, níbo ló ti wá?

Ìbéèrè kan ṣoṣo yìí ń sọ púpọ̀. Kò pọn dandan kẹ́ni tó ń po kọfí mọ gbogbo nǹkan, ẹ má fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò bíi tíṣà, ẹ kàn bi í pẹ̀lú ọ̀yàyà. Báyìí ló ṣe máa ń lọ níbi tó dáa:

"Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ káàbọ̀. Kí la lè fún yín?"

"Káàárọ̀ o, ẹ kú iṣẹ́. Espresso ni mo fẹ́. Kọfí ibo lẹ̀ ń lò báyìí?"

"Ti Mambilla ni mà, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n yan án. A tún ní ti Ethiopia, àmọ́ ìyẹn máa ń kan díẹ̀ lẹ́nu. Ṣé kí n jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ òórùn méjèèjì?"

Ibẹ̀ ti wọ̀ mí lọ́kàn nìyẹn. Kódà tó bá ní "ẹ má bínú mà, mi ò mọ̀, ẹ jẹ́ n bi ọ̀gá mi," mo gba ìyẹn náà, ó dáa ju kó máa parọ́. Èyí tí mi ò fẹ́ ni "kọfí òyìnbó ni."

Kí nìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn? Torí a ń gbin kọfí níbí, ọ̀pọ̀ wa ò sì mọ̀. Orí òkè Mambilla ní Taraba, tó ga tó nǹkan bíi mítà 1,600, tí òtútù ń mú èèyàn níbẹ̀, ni Arabica wa ti ń wá, ọ̀kan nínú oríṣi kọfí méjì tí wọ́n ń gbìn jù, Robusta ni èkejì. Robusta wa ń wá látàwọn ibòmíì tó fi mọ́ ìpínlẹ̀ Kogi, lọ́dọ̀ àwọn èèyàn wa Okun, ní agbègbè Kàbbà àti Ìyàmoyè. Robusta máa ń korò ju Arabica lọ, ó máa ń ki, kaféènì inú ẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti Arabica, torí náà tẹ́ ẹ bá mu espresso tó ní fóòmù pupa tó nípọn lórí tí ọkàn yín wá ń lù kìkìkì, ẹ ti mọ ohun tẹ́ ẹ mu. Àwọn kan máa ń fojú tín-ínrín Robusta, mi ò sí nínú wọn, èyí tí wọ́n bá ká nígbà tó pọ́n, tí wọ́n sá dáadáa, tí wọn ò yan di èédú, ó dùn, ó sì bá mílíìkì mu ju ọ̀pọ̀ Arabica lọ. N'Ìbàdàn gan-an, ní Ìdí-Ayunrẹ́, ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ìwádìí kòkó ti ìjọba wà, CRIN, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964, kọfí sì wà nínú irúgbìn tí wọ́n ń ṣèwádìí lé lórí pẹ̀lú kòkó, obì, kajú àti tíì. Kafé kékeré tó bá wá ń ra kọfí lọ́wọ́ àgbẹ̀ wa, tó kọ orúkọ ìlú náà sára pátákó, mo máa ń fún un ní máàkì kún máàkì, torí kò rọrùn, kọfí wa tó mọ́ tó sì bára mu ní gbogbo ìgbà kò tíì pọ̀ lọ́jà, ẹni tó ń wá a kiri ń ṣiṣẹ́ gidi.

Ọ̀rọ̀ kọfí páwúdà náà rèé. Nescafé ti wà láti 1938, òun ni ọ̀pọ̀ wa fi mọ kọfí, kò sí ohun tó burú ńbẹ̀. Ohun tó burú ni kí wọ́n pò ó sínú kọ́ọ̀pù olówó ńlá kí wọ́n sì kọ cappuccino sí i lára. Tẹ́ ẹ ò bá gbọ́ ariwo ìlọ̀, tẹ́ ẹ ò gbọ́ ariwo ẹ̀rọ, kọfí wá dé láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ bi wọ́n tààrà, wọ́n máa sọ.

Ibẹ̀ fúnra ẹ̀ wá ńkọ́?

Tẹ́ ẹ bá ti pinnu lọ́kàn yín nípa kọfí, tẹ́ ẹ ti kọ ọ́ sínú fóònù yín, ẹ wá gbójú sókè.

Ariwo ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ṣé ẹ lè bá ẹni tó jókòó níwájú yín sọ̀rọ̀ láì gbóhùn sókè? Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́, ibo ni wọ́n gbé e sí? L'Ékòó yìí, láwọn àdúgbò tó wà lórí Band A, tí wọ́n ní kí iná máa wà fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, látìgbà tí owó iná wọn ti gòkè ní April 2024, owó iná ti di ẹrù tó wúwo lọ́rùn àwọn oní-kafé kékeré, àwọn tí ò sì sí lórí Band A ń ra epo. Ẹ bi wọ́n pé tí iná bá lọ, ṣé ẹ̀rọ espresso ṣì máa ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ olórí méjì, tó ní ibi méjì tí kọfí ti ń jáde, lè fa ju kilowatt 3 lọ, inverter kékeré ò lè gbé e, torí náà ní ibòmíì tí iná bá lọ, bọ́ọ̀bù ń tàn, fáànù ń yí, Wi-Fi wà, ṣùgbọ́n kọfí ti dúró nìyẹn. Ibi tó bá sọ fún yín ṣáájú kẹ́ ẹ tó sanwó, olóòótọ́ ni wọ́n.

Ẹ jókòó sórí àga yẹn fún wákàtí kan gbáko kẹ́ ẹ tó sọ pé ó dáa. Àga tó rẹwà nínú fọ́tò lè jẹ́ ìyà fún ẹ̀yìn. Ẹ fọwọ́ kan tábìlì, ṣé ó ń mì? Ṣé ibi tí wọ́n ń ki fóònù sí wà nítòsí, ṣé oòrùn ọ̀sán ò ní máa ta sí yín lójú? Ẹ lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ. Tí omi bá wà, tí ọṣẹ wà, tó mọ́, ó ṣeé ṣe gan-an kí ibi tẹ́ ẹ ò lè rí náà mọ́.

Ohun tó wà lórí gbogbo ìyẹn fún mi ni bí wọ́n ṣe ń ṣe sí ẹni tó ra ife kan ṣoṣo. Ẹ wo akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé laptop wá, ẹ wo bàbá àgbà tó wọ bùbá àti ṣòkòtò tó ní òun kàn fẹ́ ka ìwé ìròyìn, ẹ wo obìnrin tó dá wá. Ṣé mégàádì ẹnu ọ̀nà ń wò wọ́n látòkè délẹ̀? Ṣé wọ́n ń wá nu tábìlì wọn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí wọ́n lè dìde? Mo gbà pé kafé kékeré nílò owó, tí èrò bá pọ̀ kò dáa kéèyàn fi ife kan gba tábìlì ẹni mẹ́rin láti àárọ̀ dalẹ́, kẹ́ ẹ ra nǹkan míì tàbí kẹ́ ẹ bọ́ sí tábìlì kékeré. Àmọ́ tí àga mẹ́wàá bá ṣófo, tí wọ́n wá ń lé èèyàn, kí lẹ fẹ́ fi kọfí tó dùn ṣe níbẹ̀?

Jazzhole wà ní Awolowo Road ní Ìkòyí, ilé ìtàwé ni, àwo orin wà níbẹ̀, ẹ lè mu kọfí níbẹ̀ kẹ́ ẹ máa ṣí ìwé wò. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́ níbẹ̀ ni pé ìwé àti orin ló kó àwọn èèyàn jọ, kọfí wá bá wọn níbẹ̀. Ibi tó bá ní ìdí kan tó fi wà yàtọ̀ sí fọ́tò, ẹ máa mọ̀ lára. Ẹ sì wo bẹ́ǹṣì mai shai tó wà ní kọ́nà àdúgbò yín, búrẹ́dì àti ẹyin, Milo, Nescafé, tó ń da tíì láti kọ́ọ̀pù kan sí èkejì látòkè wá kó lè tutù kó sì hó: awakọ̀, sìkíọ́rítì, ọmọ yunifásítì, gbogbo wọn ń bára wọn sọ̀rọ̀ láì mọra rí. Púpọ̀ nínú àwọn kafé wa tó lówó lọ́wọ́ ò ní nǹkan yẹn rárá, gbogbo èèyàn ló ki earphone bọ etí. Kafé kékeré tó bá fi tábìlì gígùn kan sáàárín, tí àlejò lè bá àlejò jókòó, tí ẹni tó ń po kọfí mọ orúkọ àwọn oníbàárà ẹ̀, mo máa rìn láti òdì kejì ìlú lọ síbẹ̀.

Owó: ẹ wo rìsíìtì. VAT 7.5 nínú 100 lè máà sí nínú iye tí wọ́n kọ sára mẹ́nù, àwọn míì tún ń fi owó iṣẹ́ (service charge) lé e. Kò burú tí wọ́n bá kọ ọ́ síbi tójú lè rí i.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ ọ́ fáráyé

Ẹ má fi ìràwọ̀ nìkan sílẹ̀. Ìràwọ̀ méjì ò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni, kò sì ran oní-kafé lọ́wọ́ láti tún un ṣe. Ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ lọ, aago tẹ́ ẹ débẹ̀, ohun tẹ́ ẹ mu, iye tẹ́ ẹ san, kẹ́ ẹ kọ ọ̀rọ̀ kọfí sọ́tọ̀, kẹ́ ẹ kọ ọ̀rọ̀ ibẹ̀ sọ́tọ̀: "espresso wọn dùn, ó dùn sí i nígbà tó tutù, àmọ́ jẹnẹrétọ̀ wà lábẹ́ wíńdò, ẹ má lọ ṣe ìpàdé Zoom níbẹ̀." Ẹni tó ń wá kọfí mọ̀ pé kóun lọ, ẹni tó ń wá ibi ìdákẹ́jẹ́ mọ̀ pé kóun wá ibòmíì.

Tí nǹkan ò bá dáa, ẹ kọ́kọ́ sọ fún wọn níbẹ̀, jẹ́jẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, kọfí yìí korò jù, ṣé ẹ lè bá mi ṣe òmíì?" Ẹ wo ohun tí wọ́n máa ṣe. Ibi tó bá gbà á tìdùnnú-tìdùnnú tó sì ṣe tuntun, máàkì wọn ti gòkè lójú mi ju ibi tí kò ṣàṣìṣe rárá. Kẹ́ ẹ sì padà lọ lọ́jọ́ míì, ní aago míì, kẹ́ ẹ tó kọ ohun tó le. Kafé kékeré lè ní ọmọ iṣẹ́ méjì péré, ọjọ́ tí ọ̀kan bá ṣàìsàn, tí mílíìkì sì tán lọ́jà, gbogbo nǹkan máa dojú rú, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ kọ lọ́jọ́ yẹn máa wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ọdún púpọ̀. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá padà lọ tó ṣì rí bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ọ́, ẹ má bo nǹkan kan, ẹni tó fẹ́ náwó ẹ̀ níbẹ̀ lẹ̀ ń kọ ọ́ fún.

Tó bá wá jẹ́ pé ó dùn mọ́ yín tẹ́ ẹ fẹ́ mú kọfí wọn lọ sílé, ẹ wo ẹ̀yìn báàgì ẹ̀ fún ọjọ́ tí wọ́n yan án, ọjọ́ tó máa bàjẹ́ nìkan ò tó. Láti bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn yíyan títí di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún ló máa ń dáa jù. Ẹ ra gíráàmù 250, ẹ má tíì ra kílò, ẹ sọ fún wọn irú nǹkan tẹ́ ẹ máa fi ṣe é nílé, French press ni o, Moka ni o, kí wọ́n lè bá yín lọ̀ ọ́ bó ṣe yẹ tẹ́ ẹ ò bá ní ẹ̀rọ ìlọ̀, kẹ́ ẹ sì dé e pa síbi tí oòrùn ò dé, jìnnà sí sítóòfù.